Bí a ṣe lè ya fíìmù nípa ọgbẹ́ ọkàn obìnrin láìdá ọgbẹ́ mìíràn sí i

Ọ̀pọ̀ fíìmù nípa ìwà ipá sí obìnrin ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bákan náà. Wọ́n á gbé àga kan sí àárín yàrá tí ó ṣókùnkùn, wọ́n á tan iná sí ojú ẹnì kan, wọ́n á sún kámẹ́rà mọ́ ọn títí a ó fi lè ka omijé rẹ̀, ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn kámẹ́rà yóò sì wí pé: “Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí fún wa.” Obìnrin náà yóò sọ ọ́, yóò sì sunkún. Àwọn ayafíìmù yóò kó ẹrù wọn, wọn yóò máa lọ pẹ̀lú ìdánilójú pé iṣẹ́ rere ni àwọn ṣe, nígbà tí òun yóò padà sílé pẹ̀lú ìrántí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí yóò bá a dì í padà.

Ẹni tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà lọ́nà mìíràn ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Kò dìgbà tí ẹ bá jẹ́ oníṣègùn ọkàn, bẹ́ẹ̀ ni kò dìgbà tí ẹ bá ní owó ńlá. Ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ ni kí ẹ gbà pé ẹni tí ó jókòó níwájú yín ni alátùmọ̀ ìgbésí ayé ara rẹ̀, pé kì í ṣe ẹ̀rí tí a gbé kalẹ̀ fún àwọn èèyàn láti wò, kí ẹ sì jẹ́ kí gbogbo ìpinnu yín, láti orí ìwé tí ẹ ó kà dé orí bí ẹ ó ṣe gé fíìmù, dúró lórí èyí.

Iṣẹ́ onímọ̀ kan wà tí mo gbára lé ju ti àwọn yòókù lọ. Janice Haaken jẹ́ onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìhùwàsí ẹ̀dá, ará Amẹ́ríkà, tí ó kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Portland State University ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ó ń fi ojú ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin wo ìmọ̀ náà, ó ń kọ ìwé, ó sì tún ń ya fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi tí a mọ̀ sí dọ́kúmẹ́ńtárì. Ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1998 mú orúkọ rẹ̀ láti ara ọ̀wọ̀n iyọ̀ tí aya Lọ́ọ̀tì dà nígbà tí ó bojú wẹ̀yìn, ewu tí ó wà nínú bíbojú wẹ̀yìn sì ni kókó ìwé náà. Ní àkókò yẹn, awuyewuye ńlá ń lọ ní Amẹ́ríkà lórí àwọn obìnrin tí wọ́n sọ pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ìwà ìbàjẹ́ tí a hù sí wọn ní kékeré. Àwọn kan ní òtítọ́ pọ́ńbélé ni, àwọn kan ní irọ́ ni. Haaken kò kọ̀ pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìhà méjèèjì ń lo ìrántí bí ẹni pé fọ́tò ni, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó ń rántí ń wá ìtumọ̀ fún ohun tí ó bá a, ó sì ń fi irú ìtàn tí àwùjọ rẹ̀ fún un wá a. Ayafíìmù tí kò bá mọ èyí yóò máa wá fọ́tò nínú ẹnu olùsọtàn, yóò sì máa bínú nígbà tí kò bá rí i.

Kí ẹ tó gbé kámẹ́rà

Ìwé kíkà ni ìpele àkọ́kọ́, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ayafíìmù máa ń fò. Ohun tí ẹ ó rí nínú ìtàn ìmọ̀ yìí ni pé a ti gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tí ó gbọgbẹ́ ọkàn tipẹ́, a sì ti pa á tì léraléra. Ní 1896, Sigmund Freud, oníṣègùn ọkàn ará Austria, sọ níwájú àwọn oníṣègùn ní Vienna pé nínú àwọn aláìsàn 18 tí òun tọ́jú, ìbálòpọ̀ tí a ṣe pẹ̀lú wọn kí wọ́n tó bàlágà ni òun rí ní ìdí àìsàn wọn. Kí ọdún kejì tó parí, ó ti kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ mọ́. Ó di ọdún 1974 kí Ann Burgess, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti Lynda Lytle Holmstrom, tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa àwùjọ, tó tẹ ìwádìí wọn jáde lórí àwọn obìnrin 92 tí a fipá bá lò pọ̀, tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Boston. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò le: bí ilé ìwòsàn bá ti pè wọ́n, wọn á lọ síbẹ̀, wọn á sì jókòó gbọ́.

Ní 1980, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi àìsàn tí ó ń tẹ̀lé ìpayà ńlá, tí a ń pè ní PTSD, sínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn mọ̀, wọ́n sì ṣàpèjúwe ohun tí ó ń fà á bí ohun tí ó ta kọjá ìrírí tí ẹ̀dá sábà máa ń ní. Laura Brown, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì tí òun náà jẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin, takò wọ́n ní 1991. Bí ìfipábánilòpọ̀ àti ìlù nínú ilé bá ń ṣẹlẹ̀ sí obìnrin tó bẹ́ẹ̀, ìrírí ta ni a wá ń pè ní ìrírí tí ó wọ́pọ̀? Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 1994, gbólóhùn náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ gbé ìbéèrè yìí dání wọ inú fíìmù yín, nítorí pé fíìmù tí ó bá fi ìwà ipá hàn bí ohun àràmàǹdà tí ẹranko kan ṣe ní òru kan yóò fi àwọn obìnrin tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí lójoojúmọ́, lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n mọ̀, sílẹ̀ sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín irú ìtàn tí ẹ ti ní lọ́kàn kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 2010 lórí ìwà ipá inú ilé, Haaken pín ìtàn tí àwọn èèyàn ń sọ nípa ọ̀rọ̀ yìí sí oríṣi mẹ́ta. Èkíní ni ìtàn ìdè, níbi tí obìnrin wà nínú àhámọ́ tí ọkùnrin tí ó dè é kò sì ní ìwà kankan ju ìkà lọ. Èkejì ni ìtàn ìdáǹdè, níbi tí obìnrin náà ti sá jáde dé ibi ààbò, tí ohun gbogbo sì dára láti ọjọ́ náà lọ. Ẹ̀kẹta ni ìtàn ìjàkadì àti àtúnṣe, èyí tí kò rọrùn láti sọ, nítorí pé nínú rẹ̀ ni ìfẹ́ àti ìkórìíra ti wà pọ̀, tí ibi ààbò náà ní ìjà tirẹ̀, tí ìwòsàn sì máa ń gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Èyí èkíní àti èkejì ni àwọn tí ń fowó sí fíìmù sábà máa ń fẹ́. Ẹ kọ ojú ìwé kan nípa fíìmù tí ẹ rò pé ẹ ó yà, kí ẹ wá wò ó bóyá ẹ ti yan ìdè tàbí ìdáǹdè fún obìnrin tí ẹ kò tíì rí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fa ojú ìwé náà ya.

Ta ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, ta ni kí ẹ fi sílẹ̀

Ìlànà kan jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2022 tí a fi orúkọ Nadia Murad pè, obìnrin láti inú ẹ̀yà Yazidi ní Iraq, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 2018. Ìfipábánilòpọ̀ ní àkókò ogun ni ìlànà náà dá lé, ṣùgbọ́n ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ wúlò fún gbogbo wa: ṣé dandan ni kí a bi ẹni yìí? Bí ó bá ti sọ ìtàn náà fún ilé ẹjọ́ tàbí fún àwọn mìíràn, tí ó sì yọ̀ǹda kí a lò ó, ẹ má ṣe mú un sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí pé àwòrán tiyín yóò dára ju ti ìṣáájú lọ.

Ẹ má ṣe wá ẹni tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣì gbóná lára rẹ̀. Judith Herman, oníṣègùn ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1992, sọ pé ìpele mẹ́ta ni ìwòsàn ọgbẹ́ ọkàn ń gbà: ààbò, ìrántí pẹ̀lú ọ̀fọ̀, àti pípadà sí àárín àwọn èèyàn. Ìpele kejì kò ṣeé ṣe níbi tí àkọ́kọ́ kò bá sí. Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ rí ìdáhùn sí kí ẹ tó dá ọjọ́ kankan ni pé: ṣé ẹni tí ó ṣe é ṣì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ṣé wọ́n jọ ń gbé, ṣé owó rẹ̀ ni ó fi ń jẹun, ṣé ẹjọ́ kan wà ní kóòtù tí fíìmù lè ba jẹ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìlànà kan jáde ní 2001 fún àwọn tí ń ṣe ìwádìí lórí ìwà ipá inú ilé, ààbò obìnrin tí ń dáhùn àti ti ẹni tí ń béèrè ni ó sì fi ṣáájú ohun gbogbo. Ẹ tẹ̀ lé e: ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí fóònù tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò, ẹ sì jọ fẹnu kò sí ohun mìíràn tí ẹ lè máa sọ bí ẹnì kan bá já wọlé lójijì.

Ó tún tọ́ kí ẹ ro ẹni tí kì í ṣe olùfarapa. Nínú dọ́kúmẹ́ńtárì rẹ̀ tí ó jáde ní 2014, Haaken kò gbé kámẹ́rà ka àwọn sójà tí ogun Afghanistan dá ọgbẹ́ sí lọ́kàn nìkan; àwọn olùtọ́jú ọkàn tí àwọn ológun Amẹ́ríkà rán lọ síbẹ̀ ni ó tẹ̀ lé. Àwọn wọ̀nyí ń sin ọ̀gá méjì: aláìsàn tí wọ́n fẹ́ mú lára dá, àti iléeṣẹ́ ológun tí ó ń fẹ́ kí sójà náà padà sẹ́nu iṣẹ́. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ tí ó wúlò jù fún ayafíìmù ni èyí, nítorí pé ọ̀gá méjì ni àwa náà ń sìn, ẹni tí ó fi ìtàn rẹ̀ lé wa lọ́wọ́ àti fíìmù tí a fẹ́ kí ó dára, kò sì yẹ kí a díbọ́n pé wọn kì í forí gbárí.

Bákan náà ni kí ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ akọ àti abo túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan. Ìlànà tí ó kọ́ ọkùnrin pé kò gbọdọ̀ sọ pé ó ń dun òun wà lára ohun tí ẹ ní láti yà.

Ìyọ̀ǹda tí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan

Ìwé kan tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ kan kò tó. Ẹ gba ìyọ̀ǹda kí ẹ tó yà á, ẹ tún béèrè lọ́jọ́ kejì ìyàwòrán nígbà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, ẹ béèrè nígbà tí ó bá ti wo ibi tí ẹ gé e dé, ẹ sì béèrè fún ìgbà ìkẹyìn kí fíìmù tó jáde. Ní gbogbo ìgbà, ẹ sọ òtítọ́ nípa ibi tí agbára yín mọ. Títí di ọjọ́ tí fíìmù bá jáde, ó lè fà sẹ́yìn láìsọ ìdí. Lẹ́yìn tí ó bá ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni lè ti wà á sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè kó o tán mọ́. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ bi í pé ta ni ó lè wò ó tí inú òun kò ní dùn: ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ọ̀gá ibi iṣẹ́, àwọn ìbátan ẹni tí ó ṣe é. Bí ó bá dákẹ́ lórí ọ̀kan nínú wọn, ẹ fún un láyè ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó padà lọ béèrè.

Ní ti owó, ẹ má ṣe ra ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀, owó ọjọ́ iṣẹ́ tí ó pàdánù àti ti ẹni tí ó bá a tọ́jú ọmọ, ẹ sì san án kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó lè mọ̀ pé owó náà kò dúró lórí bí òun bá ṣe sọ̀rọ̀ tó.

Nínú yàrá

Ẹ jẹ́ kí ó yan ibi ìjókòó, ẹ má sì ṣe jókòó sí àárín òun àti ilẹ̀kùn. Ẹ fi bí kámẹ́rà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn án, kí ẹ jẹ́ kí ó wo ojú rẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ́ ọ bí yóò ṣe pa á. Ẹ kà á sí òfin pé bí ó bá gbé ọwọ́ sókè, kámẹ́rà ti kú, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè ìdí. Ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí a ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ rí lè má gbà pé lóòótọ́ ni ẹ ó dúró. Kí èèyàn tí ó wà nínú yàrá má ju mẹ́ta lọ. Bí ògbufọ̀ bá wà, ẹ bi olùsọtàn lẹ́yìn ògbufọ̀ náà bóyá ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í nípa iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, nípa ìgbà tí kò tíì mọ ẹni náà, nípa ohun tí ó ń mú un rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀tàn láti mú ọkàn rẹ̀ rọ̀. Apá kan fíìmù ni, nítorí pé ẹni tí a kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ ju ọgbẹ́ rẹ̀ lọ ti di ọgbẹ́ náà lójú òǹwòran. Bí ẹ bá wá dé ibi tí ó ṣòro, ẹ bi í ní ibi tí ó fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kódà kí ó jẹ́ ìparí.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ tí ẹ ń pe nǹkan. Nígbà tí onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì Mary Koss àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí láàárín akẹ́kọ̀ọ́ 6,159 ní ilé ẹ̀kọ́ gíga 32 ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1987, wọn kò bi obìnrin bóyá wọ́n ti fipá bá a lò pọ̀ rí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n ń béèrè, bíi bóyá ẹnì kan ti fi agbára tàbí ìhàlẹ̀ mú un ṣe ohun tí kò fẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ìrírí wọn bá ohun tí òfin ń pè ní ìfipábánilòpọ̀ mu ni kò fi orúkọ yẹn pè é. Nítorí náà, ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ tí olùsọtàn fi ń pe ohun tí ó bá a, kí ẹ máa lo ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá ń pè é ní “ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn,” ẹ̀yin náà ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá nílò orúkọ tí òfin mọ̀, ohùn yín lè sọ ọ́ ní ibòmíràn nínú fíìmù.

Gbólóhùn tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “kí ló dé” ni kí ẹ yọ kúrò nínú ìwé ìbéèrè yín. “Kí ló dé tí ẹ kò fi lọ?” máa ń dún ní etí ẹni tí ó gbọgbẹ́ bí ẹ̀sùn, bí ó ti wù kí ohùn yín tutù tó. Ẹ bi í pé: “Kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní ẹ lọ lọ́jọ́ náà?” Ìbéèrè yìí yóò mú owó, ọmọ, ìhàlẹ̀, ọlọ́pàá àti ẹbí wọ inú fíìmù, ìyẹn àwọn ohun tí ó de obìnrin mọ́lẹ̀ ní tòótọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni “kí ló dé tí ẹ kò pariwo?” Ní Stockholm, àwọn olùwádìí bá obìnrin 298 sọ̀rọ̀ tí wọ́n wá sí ilé ìtọ́jú pàjáwìrì fún àwọn tí a fipá bá lò pọ̀. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sọ pé ara àwọn kú tipiri lọ́nà tí ó hàn gbangba, tí ó fi jẹ́ pé wọn kò lè mira tàbí kígbe. Ní ti ìdá 48, ó le kọjá bẹ́ẹ̀. Ara ni ó ṣe ìpinnu náà. Bí olùsọtàn bá ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi fún un, ẹ lè sọ fún un, lẹ́yìn tí kámẹ́rà bá ti kú, pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn.

Bí ìtàn rẹ̀ bá ń fò síwá sẹ́yìn, ẹ má ṣe fi ipá tò ó. Ẹni tí ìpayà bá lè rántí òórùn aṣọ ẹni tí ó kọlù ú kedere, kí ó má sì rántí ọjọ́ tàbí ohun tí ó tẹ̀ lé òmíràn. Jennifer Freyd, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì, ti ṣàlàyé láti àwọn ọdún 1990 pé nígbà tí ó bá jẹ́ ẹni tí a gbẹ́kẹ̀ lé fún oúnjẹ àti ààbò ni ó ṣe é, gbígbàgbé lè jẹ́ ọ̀nà tí ọkàn fi ń jẹ́ kí a lè máa bá ẹni náà gbé. Bí ẹ bá nílò ọjọ́ tí kò ṣeé jiyàn lé, ẹ wá a nínú ìwé ilé ìwòsàn tàbí ti kóòtù, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀.

Bí ó bá sunkún, ẹ má ṣe sún lẹ́ǹsì mọ́ ọn. Ẹ dúró. Bí ojú rẹ̀ bá dédé gbẹ, tí ohùn rẹ̀ di pẹrẹsẹ, tí ó ń wo ibì kan tí kò sí nínú yàrá, ìyẹn ni ó yẹ kí ó bà yín lẹ́rù ju ẹkún lọ, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ó ti padà sínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ẹ pa kámẹ́rà, ẹ pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ sọ ibi tí ó wà àti ọjọ́ tí òní jẹ́ fún un, ẹ ní kí ó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí ó sì dárúkọ ohun tí ó ń rí nínú yàrá. Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ ti parí lọ́jọ́ náà. Ibi tí agbára yín mọ ni ìyẹn o. Ẹ kì í ṣe olùtọ́jú rẹ̀, ẹ má sì ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tí ẹ kò ní lè parí; ẹ ti gbọ́dọ̀ ní orúkọ agbani-nímọ̀ràn kan lọ́wọ́, tí ẹ ti bá sọ̀rọ̀ ṣáájú, tí ó sì mọ̀ pé a lè pe òun lọ́jọ́ náà.

Kí ẹ tó kó ẹrù, ẹ fi wákàtí díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ bi í nípa ohun tí ó fẹ́ ṣe lọ́la. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè tí ó gbẹ̀yìn mú un dé ibi tí ó wà lónìí, kí ẹ sì pè é ní ọjọ́ kejì àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Bí a ṣe ń bo ojú

Ọ̀pọ̀ ayafíìmù rò pé bí a bá fi iná sí ẹ̀yìn èèyàn tí ojú rẹ̀ sì dúdú, a ti bò ó. Bí kámẹ́rà bá ti gba ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ nínú òkùnkùn náà, ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà lè mú un mọ́lẹ̀ padà. Ohùn tí a kàn fà wálẹ̀ tàbí tí a gbé sókè náà ṣeé dá padà sí bí ó ṣe wà. Ohun tí ó dára jù ni kí ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti orí ìwé, kí ẹ sì sọ fún òǹwòran pé ohùn ẹlòmíràn ni. Bí ẹ bá ya ọwọ́ rẹ̀, ẹ wo òrùka, àpá àti àwòrán tí a fín sára. Bí ẹ bá ya yàrá, ẹ wo fèrèsé. Ẹ pa ohun tí ó ń kọ ibi tí a ti ya àwòrán sínú fáìlì, ẹ lo àmì dípò orúkọ, kí ìwé tí ó so àmì mọ́ orúkọ má sì sí nínú kọ̀ǹpútà kan náà.

Lórí tábìlì ìgékúrò

Níbí ni a ti ń pàdánù olùsọtàn jù, nítorí pé kò sí nínú yàrá mọ́. Carol Gilligan, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì tí ìwé rẹ̀ ti 1982 dá lórí ohùn obìnrin tí ìmọ̀ sáíkọ́lọ́jì kò gbọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà ìfetísílẹ̀ kan kalẹ̀ tí mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ lò kí ẹ tó gé ohunkóhun. Ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ wá kà á lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì fa gbogbo ibi tí ó ti sọ “mo” tàbí “n kò” yọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó tẹ̀ lé e, kí ẹ tò wọ́n sísàlẹ̀ ara wọn bí ewì: mo dúró, mo rò pé, n kò mọ̀, mo padà, mo kó aṣọ mi. Ohun tí yóò jáde lè yà yín lẹ́nu, nítorí pé obìnrin tí ẹ rò pé ó kàn ń jìyà ni ẹ ó rí tí ó ń ṣe ìpinnu lórí ìpinnu. Ní Yorùbá, ẹ tún ṣọ́ ibi tí “mo” ti di “èèyàn,” bíi “èèyàn á kàn máa wò ni.” Ibẹ̀ ni ó ti jìnnà sí ara rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí ọwọ́ yín ti rọ̀ jù.

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kẹta fún àwọn ohùn tí ó takora nínú rẹ̀. Bí ó bá sọ pé òun kórìíra ọkùnrin náà, tí ó sì tún sọ pé àárò rẹ̀ ń sọ òun, méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nínú fíìmù. Olótùú yóò fẹ́ gé èyí èkejì kí àwọn òǹwòran má baà dá a lẹ́bi. Ẹ kọ̀. Ìtàn ìdè ni yóò kù bí ẹ bá gé e, obìnrin mìíràn tí àárò ń sọ yóò sì rò pé òun nìkan ni.

Ẹ má ṣe fi òṣèré ṣe ìwà ipá náà. Àwòrán obìnrin tí ó káwọ́ lérí ní igun yàrá ti sú ojú, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ ya ohun tí ó yí i ká dípò rẹ̀: ìjókòó tí ó fi ń dúró ní ọ́fíìsì, ìwé tí wọ́n ní kí ó lọ mú wá, ilẹ̀kùn tí a tì. Orin díẹ̀ ti tó. Bí ẹ bá nílò orin púpọ̀ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó wọni lára, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gé ọ̀rọ̀ náà jù.

Bí ẹ bá fún ẹni tí a fẹ̀sùn kàn láyè láti fèsì, gẹ́gẹ́ bí òfin àti ẹ̀tọ́ ti fẹ́, ẹ mọ ohun tí Freyd ṣàpèjúwe ní 1997: ó lè sẹ́, ó lè kọlu ẹni tí ó sọ̀rọ̀, kí ó sì sọ ara rẹ̀ di ẹni tí a ṣẹ̀. Ẹ gbé èsì rẹ̀ jáde láìyí i padà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fún un ní ìparí fíìmù, kí agbẹjọ́rò sì wo gbogbo rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé àwọn tí ń gé fíìmù. Ní 1990, àwọn onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì Lisa McCann àti Laurie Anne Pearlman kọ̀wé nípa bí ọgbẹ́ àwọn tí a ń tọ́jú ṣe ń ran ẹni tí ń tọ́jú wọn. Olótùú tí ó gbọ́ gbólóhùn kan náà ní igba ìgbà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ lórí ìwé tí a kọ sílẹ̀ kí ó tó fetí sí ohùn, kí ó pa ohùn nígbà tí ó bá ń tún àwọ̀ àwòrán ṣe, kí ó má sì ṣe iṣẹ́ náà ní alẹ́ kí ó tó sùn.

Lẹ́yìn tí fíìmù bá ti parí

Olùsọtàn ni yóò kọ́kọ́ wò ó, ní ibi tí ó bá yàn, pẹ̀lú ẹni tí ó bá fẹ́, kí ìṣẹ́jú ibi kọ̀ọ̀kan tí ohùn rẹ̀ ti jáde sì wà nínú ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè tọ́ka sí ibi tí kò fẹ́. Ẹ má ṣe wo ojú rẹ̀ bí ó ti ń wò ó. Ẹ fún un ní ọjọ́ mélòó kan kí ó tó dáhùn, ẹ sì gé ohun tí ó bá ní kí ẹ gé, kódà bí ó bá jẹ́ ibi tí ó dára jù lójú yín.

Lọ́jọ́ tí a bá kọ́kọ́ fi í han gbogbo èèyàn, agbani-nímọ̀ràn yẹn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí pé àwọn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yóò wà láàárín òǹwòran. Bí ẹnì kan bá fẹ́ bi olùsọtàn ní ìbéèrè, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà á lórí ìwé.

Ó ku àwọn ohun tí ẹ yà tí ẹ kò lò. Wákàtí mélòó kan nínú ìgbésí ayé ẹnì kan wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ ibi tí wọ́n wà. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó pa wọ́n rẹ́ síbẹ̀, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí ẹ dá wọn sí. Nígbà tí ọjọ́ náà bá pé, ẹ pa wọ́n rẹ́, kí ẹ pè é lórí fóònù lọ́jọ́ náà gan-an láti sọ fún un pé wọn kò sí mọ́.